Ebi Kì Í Fọwọ́ Sí Ìwé Ikú: Bí Àìríjẹ Ṣe Ń Gé Ẹ̀mí Àgbàlagbà Kúrú

Bí àgbàlagbà bá kú sí ilé ìwòsàn, dókítà á kọ ohun tó pa á sínú ìwé: àrùn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà, rọpárọsẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ, jàǹbá ọkọ̀. Yàtọ̀ sí ibi tí ogun tàbí ọ̀dá ti lé àwọn èèyàn kúrò nílé, ekukáká ni ẹ fi máa rí ìwé kan tí wọ́n kọ "ebi" sí. Àwọn ẹbí náà kì í sọ ọ́. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá, wọ́n á ní ṣúgà ìyá ló lọ sílẹ̀ lójijì. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún pípẹ́ ti fi ìṣirò hàn pé ohun kan wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ irú ikú bẹ́ẹ̀ tí ìwé kì í dárúkọ: olóògbé náà kì í rí owó oúnjẹ tó, ó sì ti ń bá a yí fún ọdún mélòó kan kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Kánádà ni ìwádìí tí mo kà sí pàtàkì jù lọ lórí rẹ̀ ti wá. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni CMAJ, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ náà, tẹ̀ ẹ́ jáde. Fei Men ti Yunifásítì Toronto ló ṣáájú àwọn tó kọ ọ́. Valerie Tarasuk, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí àìríjẹ ní Kánádà, wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ṣe kò lọ́jú pọ̀. Ìjọba Kánádà máa ń ṣe ìwádìí ìlera káàkiri orílẹ̀-èdè náà, wọ́n á sì bi àwọn èèyàn nípa oúnjẹ ilé wọn. Àwọn onímọ̀ yìí kó ìdáhùn àgbàlagbà 510,010 jọ, àwọn tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò láàárín ọdún 2005 sí 2017, wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí ìjọba ń kọ orúkọ òkú sí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti kú, ọjọ́ orí tó kú sí, àti ohun tó pa á. Èèyàn 25,460 nínú wọn ló ti kú láìtíì dé ọjọ́ orí tí ọmọ Kánádà sábà máa ń lò láyé, ìyẹn nǹkan bí ọdún 82.

Nígbà tí wọ́n ro ti ọjọ́ orí àti ipò ìgbé ayé mọ́ ìṣirò náà, ó hàn pé ẹni tí àìríjẹ rẹ̀ le jù lọ fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún súnmọ́ ikú àìtọ́jọ́ ju ẹni tí oúnjẹ kì í ṣe ìṣòro fún lọ. Ewu náà ò sì dúró dìgbà tó bá le bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí tiwọn ṣì fúyẹ́, tí wọ́n kàn ń ṣàníyàn, ewu tiwọn náà fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Àwọn tó wà láàárín, ìdá 11.

Àwọn oníròyìn gbé apá mìíràn nínú èsì náà kiri: nínú àwọn tó kú láìtọ́jọ́, àwọn tí àìríjẹ wọn le jù kú ní nǹkan bí ọmọ ọdún 59 àbọ̀, àwọn tí oúnjẹ tó fún kú ní nǹkan bí ọmọ ọdún 69. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín wọn. Ìṣirò gidi ni, àmọ́ ẹ má kà á sí pé àìríjẹ nìkan ló gé odindi ọdún mẹ́sàn-án náà. Ní Kánádà, àwọn tí oúnjẹ ò tó fún sábà máa ń kéré lọ́jọ́ orí ju àwọn tó kù lọ, ìyẹn náà á sì ti fa ọjọ́ orí tí wọ́n ń kú sí wálẹ̀. Ìdá 37 yẹn ló yẹ kéèyàn dì mú. Òun náà tó ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù.

Ẹ wá wo ohun tó pa wọ́n. Bí ẹ bá yọ jẹjẹrẹ sọ́tọ̀, kò sí oríṣi ikú kan tí àìríjẹ líle kò fi kún ewu rẹ̀. Ewu kí àrùn tó ń ràn pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àwọn tó kù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti jàǹbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó gba ẹ̀mí ara wọn. Púpọ̀ nínú ikú wọ̀nyí ni ìtọ́jú tàbí ìrànlọ́wọ́ lásìkò ì bá ti dá dúró. Orílẹ̀-èdè tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní àìríjẹ gan-an? Ó yẹ ká wo ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè fínnífínní, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń fọkàn yà. Ìbéèrè méjìdínlógún ni, mẹ́wàá lórí àgbàlagbà, mẹ́jọ lórí ọmọdé. Gbogbo wọn dá lórí oṣù méjìlá tó kọjá, owó sì ni gbogbo wọn rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ tàbí tó fẹ́ fọn kò sí nínú ẹ̀. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ebi pa yín. Wọ́n á ní: ǹjẹ́ ẹ ṣàníyàn pé oúnjẹ ilé lè tán kí owó tó wọlé? Ǹjẹ́ èyí tí ẹ rà tán, tí kò sì sówó láti ra òmíràn? Ǹjẹ́ apá yín ò ká oúnjẹ tó ṣara lóore? Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń le sí i. Ǹjẹ́ ẹ bu oúnjẹ kéré ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí ẹ fo oúnjẹ kan dá? Ṣé ó ṣẹlẹ̀ léraléra? Ǹjẹ́ ebi pa yín tí ẹ ò jẹ nǹkan kan? Ǹjẹ́ ẹ rù? Ǹjẹ́ ẹ lo odindi ọjọ́ kan láìjẹun, torí pé kò sówó?

Ẹni tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ẹyọ kan péré nínú wọn ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tí mo ní ewu ikú wọn fi ìdá 10 lé sókè. Ó ṣeé ṣe kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má fojú kan ọjọ́ tí kò jẹun rárá. Ó kàn ń ṣírò owó ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

A mọ ìṣirò yẹn dáadáa nílé ní Nàìjíríà. 1-0-1: àárọ̀ àti alẹ́. 0-1-0: ọ̀sán nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wọn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí àwọn òbí tó ti ní ọmọ mẹ́ta mẹ́rin ló ń sọ ọ́, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ tún wo obìnrin tó bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ, tó wá ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ lẹ́yìn ilé. Bí ẹ bá bi í, á ní òun ti jẹun, á ní iṣẹ́ ọbẹ̀ sísè ti yó òun. Ìyá kárí ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, Lynn McIntyre àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ ní ìpínlẹ̀ etí òkun ìlà-oòrùn Kánádà, tówó wọn ò tó nǹkan. Wọ́n rí i pé oúnjẹ ìyá máa ń burú ju tàwọn ọmọ lọ, nítorí pé òun ló ń fi tirẹ̀ du ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà fi ṣe pàtàkì tí a kì í sì í ráyè gbọ́ ọ. Ọmọ tí kò jẹun kánú máa ń hàn lójú àti lára. Àwọn àjọ ń wọn apá ọmọdé láti mọ̀ bóyá oúnjẹ ń tó o. Àgbàlagbà a máa wọṣọ borí tirẹ̀.

Báwo ló ṣe wá ń pa wọ́n? Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, kì í sì í fi ọ̀kan ṣoṣo wọlé.

Oògùn ni mo máa fi síwájú. Ní Kánádà, dókítà àti ilé ìwòsàn jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ oògùn tí èèyàn máa lọ rà fúnra rẹ̀ ní ilé ìtajà oògùn kì í sábà sí lára rẹ̀. Ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin kí ìjọba àpapọ̀ máa gbé ẹrù oògùn ṣúgà àti ìfètòsọ́mọbíbí, ní àwọn ìpínlẹ̀ tó bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó á máa fi oògùn du oúnjẹ. Ó lè lo ìdajì dípò odindi, ó lè fo ọjọ́ kan kó tó lo òmíràn, ó sì lè má lọ gba tuntun rárá nígbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ bá tán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ á ru, iṣan á bẹ́, wọ́n á sì kọ "rọpárọsẹ̀" sínú ìwé.

Ti àwọn tó ní ṣúgà tún yàtọ̀. Àwọn oògùn kan tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ nínú ikùn. Bí kò bá bá nǹkan kan, ṣúgà á lọ sílẹ̀ kọjá ààlà: òógùn á bo èèyàn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, á máa sọ̀rọ̀ kántankàntan, ó sì lè dákú. Hilary Seligman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ àwọn tí ilé ìwòsàn ní California gbà sílé nítorí irú èyí láàárín ọdún 2000 sí 2008, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Láàárín àwọn tálákà, iye àwọn tí wọ́n gbé wá ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Láàárín àwọn olówó, kò sí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Oògùn kan náà ni, àìsàn kan náà ni, ìpínlẹ̀ kan náà ni. Ohun tó yí padà ni pé owó oṣù àti owó ìrànwọ́ ti tán nílé àwọn kan. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó dúró sí mi lọ́kàn bí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù yẹn, torí kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo tí kò mọ bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe ń rí.

Oúnjẹ tó ń tètè yóni tówó rẹ̀ sì kéré náà ń kó tirẹ̀ bá ara. Bí owó bá ti dín, ẹran, ẹja, ẹyin àti èso ló máa ń kọ́kọ́ kúrò nínú àwo. Ẹ̀bà ò ní kúrò. Indomie ò ní kúrò, bẹ́ẹ̀ ni gàrí tí wọ́n da ṣúgà sí. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè sanra kí oúnjẹ má sì tó fún un. Àwọn ará àdúgbò á máa wò ó bí ẹni tó ń jẹ̀gbádùn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì ti ń jẹ ẹ́ nínú bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé.

Àníyàn fúnra rẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ lára. Ẹni tó ń fi gbogbo òru rò ó pé kí ni àwọn ọmọ máa jẹ lọ́la kì í sùn, ara tí kò bá sì sùn kì í lè bá àrùn jà bó ṣe yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe, ìbànújẹ́ ọkàn àti àìríjẹ ò jìnnà síra wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn ti wọlé, mi ò sì fẹ́ ká sáré kọjá lórí rẹ̀. Ìtìjú wà lára ohun tó ń tì wọ́n débẹ̀: bàbá tí kò lè bọ́ ilé rẹ̀ mọ́ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Bí ẹ bá ṣàkíyèsí pé ẹnìkan nínú yín ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tó ń sọ pé àwọn ẹbí á sàn láìsí òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ wá oníṣègùn ọpọlọ sí i kíákíá. Ti jàǹbá ò ṣòro láti lóye. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì, tó ń sùn fún wákàtí mẹ́ta, tó wá ń wa ọkọ̀ tàbí tó ń gun àkàbà níbi iṣẹ́ láìjẹun, ewu wà lórí rẹ̀ ju ẹni tó sinmi tó sì yó lọ.

Àwọn kan á ní: ṣé kì í ṣe àìsàn ló ń kọ́kọ́ sọ wọ́n di aláìníṣẹ́, tí oúnjẹ fi wá dín? Ìbéèrè tó dára ni, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Àìsàn a máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, àìríṣẹ́ á gba oúnjẹ, àìjẹun á sì dá àìsàn náà padà pẹ̀lú agbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwádìí bíi ti Kánádà yẹn kò lè tú okùn náà tán pátápátá. Ohun tó ṣeé sọ láìṣiyèméjì ni pé ibi tí àìríjẹ bá wà, ikú àìtọ́jọ́ pọ̀ níbẹ̀, bó bá sì ṣe le tó ni ikú ṣe ń pọ̀ tó. Ìjọba náà ń sanwó rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2015, Tarasuk àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò owó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ìpínlẹ̀ Ontario. Ti àwọn tí àìríjẹ wọn le jù ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí oúnjẹ tó fún lọ.

Èyí ló gbé wa dé orí ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ibẹ̀ sì ni èrò mi ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn rere. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni ká kó oúnjẹ jọ ká pín in. Ní Edmonton, lọ́dún 1981, wọ́n ṣí ilé ìpín-oúnjẹ àkọ́kọ́ ní Kánádà. Wọ́n rò pé fún ìgbà díẹ̀ ni, títí ọrọ̀ ajé á fi padà bọ̀ sípò. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 nìkan, iye ìgbà tí àwọn èèyàn lọ gba oúnjẹ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri Kánádà ju mílíọ̀nù méjì lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti oṣù kan náà ní ọdún 2019. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, lọ́dún 2024 náà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ilẹ̀ náà ló wà nínú ilé tí owó oúnjẹ ò tó. Àwọn tó ń pín oúnjẹ ń ṣe dáadáa, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n agolo ẹ̀wà kì í san owó ilé, kì í sì í ra oògùn.

Owó tó ń wọlé déédéé ló ń mú àyípadà wá, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ní Kánádà, bí ẹni tówó rẹ̀ kéré bá pé ọmọ ọdún 65, owó ìfẹ̀yìntì ìjọba á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún un lóṣooṣù, yálà ó ṣiṣẹ́ ìjọba rí tàbí kò ṣe é. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ní ọjọ́ orí yẹn, iye àwọn tálákà tó ń dá gbé tí oúnjẹ ò tó fún máa ń já sí nǹkan bí ìdajì. Wọn ò kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè, wọn ò gbé àpótí oúnjẹ fún wọn. Ìpínlẹ̀ Newfoundland àti Labrador náà fi owó kún owó ìrànwọ́ àwọn aláìní, wọ́n tún mú ìnira òfin rẹ̀ fúyẹ́. Láàárín ọdún 2007 sí 2012, àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ náà tí oúnjẹ ò tó fún já wálẹ̀ láti nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún sí 33 àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ Kánádà yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹni tí kò ní àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ní Brampton, Calgary tàbí Winnipeg báyìí, á ní ọ̀rẹ́ tó ní. Nínú ìṣirò ilẹ̀ náà, ó lé ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn aláwọ̀ dúdú ló wà nínú ilé tí àìríjẹ ti kan, ìyẹn sì ga ju ti gbogbo ìlú lápapọ̀ lọ dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tí ìjọba ibẹ̀ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé òun ní fún ìgbọ́bùkátà ọdún kan jẹ́ dọ́là 10,000, nígbà tí owó ilé nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ní oṣù kìíní 2024 ni wọ́n gbé e sí 20,635, ó sì ti tún ga sí i lẹ́yìn náà. Ní Brampton, ilé ìpín-oúnjẹ kan kéde pé òun ò ní í dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè lóhùn mọ́. Àwọn ọmọ wa kì í fi èyí tó àwọn ará ilé létí. Wọ́n á fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́, wọ́n á sì fi owó kún un.

Nílé ńkọ́? Ìṣirò tiwa kò nílò kí ẹnikẹ́ni bù mọ́ ọn. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, náírà já ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba sì kéde ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní pàjáwìrì ní oṣù keje. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà 2024, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba Nàìjíríà, ní ọ̀wọ́n oúnjẹ ti gun ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Nínú ìwádìí tí àjọ kan náà ṣe lọ́dún 2023 sí 2024, nǹkan bí ilé méjì nínú mẹ́ta ló ní àwọn ò lè jẹ oúnjẹ tó ṣara lóore nítorí owó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú, ilé bíi 12 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní ó kéré tán ẹnìkan nínú wọn lo odindi ọjọ́ láìjẹun. Ní Àríwá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra afafata, pàǹtí ìrẹsì tí àwọn tó ń lọ ìrẹsì máa ń kó fún ẹja jẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn. GSK, iléeṣẹ́ apoògùn ilẹ̀ òkèèrè, kéde ní oṣù kẹjọ 2023 pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, owó oògùn ikọ́ fée àti ti àwọn àrùn mìíràn sì fò sókè. Ó lé ní náírà méje nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń ná sórí ìlera lórílẹ̀-èdè yìí tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ káúńtà kẹ́mísì kankan nírọ̀lẹ́. Àgbàlagbà á wọlé, á na bébà oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ṣá, á béèrè iye odindi páálí rẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á wá ní kí wọ́n ta ti ọjọ́ márùn-ún fún òun. Ẹni tó ń tà á á fi síṣọ́ọ̀sì gé e. Kò sí ìwé kan tó ń ka irú rẹ̀. A ò tilẹ̀ lè ṣe irú ìwádìí tí Kánádà ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ òkú wa ni wọ́n ń sin láìsí pé orúkọ wọn dé ìwé ìjọba. Mo sọ èyí nítorí pé ìwé kíkọ náà wà lára iṣẹ́. Amẹ́ríkà, tó ti ń ka ọ̀rọ̀ àìríjẹ ilé lọ́dọọdún fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, kéde ní oṣù kẹsàn-án 2025 pé òun ò ní í tẹ ìròyìn náà jáde mọ́. Ohun tí ìjọba ò bá kà, ó rọrùn fún un láti ní kò sí.

Nílé, ìrẹsì pínpín ni ìdáhùn tó yá wa lára jù. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 2024, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè ń ta àpò ìrẹsì kílò 25 ní 10,000 náírà ní Yábàá, l'Ékòó, fún ẹni tó bá ní nọ́ńbà NIN. Èrò ya, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, iléeṣẹ́ náà sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èèyàn méje kú. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ọmọdé 35 kú ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, níbi àríyá tí wọ́n ti fẹ́ fún wọn ní owó àti oúnjẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, èèyàn mẹ́wàá kú níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Maitama, l'Ábújá, ọ̀pọ̀ sì tún kú ní Òkíjà, ní ìpínlẹ̀ Anambra, lọ́jọ́ kan náà, gbogbo rẹ̀ nítorí ìrẹsì ọdún. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni wọ́n pè é nínú ìròyìn.

A ti gbìyànjú owó náà díẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2023, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò 25,000 náírà lóṣù fún ilé mílíọ̀nù 15. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n dá fún ilé kọ̀ọ̀kan. Kí oṣù kìíní 2024 tó parí, wọ́n ti dá ètò náà dúró láti yẹ ìwé rẹ̀ wò, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní oṣù keje 2024, nígbà tí àpò ìrẹsì kílò 50 ti kọjá iye yẹn ní ọ̀pọ̀ ọjà. Ẹ̀kọ́ Newfoundland ni pé iye owó náà àti bó ṣe ń wọlé láìyẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Owó ẹ̀ẹ̀mẹta tó dúró lójijì á kàn san gbèsè fún ilé ni. Bí mo bá láṣẹ, àwọn tó fẹ̀yìn tì ni màá kọ́kọ́ gbájú mọ́, kí owó wọn máa wọlé lọ́jọ́ kan pàtó lóṣù, kí ó sì máa tẹ̀ lé iye tí oúnjẹ ń jẹ́ lọ́jà.

Kí ìyẹn tó dé, iṣẹ́ kan wà tó wà ní ìkáwọ́ ẹbí kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ láti òkèèrè. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ń lo oògùn ṣúgà, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, àti abẹ́rẹ́ insulin lè fa ṣúgà wálẹ̀ lójijì bí kò bá sí oúnjẹ nínú. Ewu metformin kéré gan-an níbi èyí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n jẹun kí wọ́n tó lò ó lánàá, kì í ṣe bóyá ara yá, torí "ara yá" ni wọ́n á sọ ṣáá. Bí ìdáhùn bá ń lọ́ra, kí ẹnìkan nílé bá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, kó sì sọ ọ́ gbangba pé oúnjẹ kì í wà déédéé. Dókítà lè pààrọ̀ oògùn náà tàbí kí ó dín in kù, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é bí kò bá mọ̀. Kí wọ́n má ṣe dá a dúró fúnra wọn. Kí ṣúgà tàbí ohun mímu aládùn sì wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o lóru, kí ẹni tó ń sùn sí yàrá kejì mọ ibi tó wà.